Kí Ló Dé Tí Ẹran Fi Ń Le Kí Ó Tó Rọ̀?

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ti dáná rí yóò ti bi ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Ẹran tí a rà lọ́wọ́ alápatà ní òwúrọ̀, tí ó rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a ń gé e, a gbé e ka iná, a fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, a sì dé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣí ọmọrí ìkòkò wò lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹran náà ti súnkì, ó ti kó ara jọ, ó sì ti yi ju bí ó ti wà ní tútù lọ. Ìyá àgbà tó jókòó ti ààrò kò ní fòyà. Yóò bu omi díẹ̀ sí i, yóò fa igi kan sẹ́yìn nínú iná, yóò sì máa bá ìtàn tó ń sọ lọ. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ẹran kan náà, nínú omi kan náà, lórí iná tó tilẹ̀ kéré sí ti ìṣáájú, yóò ti dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó tí eyín rẹ̀ ti wọ́n yóò lè fi ètè fà á ya. Bí ó bá ṣe pé iná ni ó ń mú ẹran rọ̀, kí ló dé tí ó fi kọ́kọ́ mú un le? Bí ó bá sì ṣe pé iná ni ó ń mú un le, kí ló dé tí kò fi le sí i títí tí yóò fi di òkúta?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná tiwa nìkan ni èyí. Èjìgbò, ìlú Akinjọlé, ìlú Ògìyán tí iyán kì í wọ́n láàfin rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlú tó rọ̀gbà yí i ká, láti Ìwátà dé Ọlá, jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ti ń rìnrìn-àjò lọ sí Côte d'Ivoire láti ayé ìjọba amúnisìn, tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ń gbéra láti inú ìlú lọ sí Abíjàn, tí èdè Faransé sì ń ta sí ni létí láàárín ọjà. Ìyàwó ilé kan ní Èjìgbò lè se bọ̀kọ̀tọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kí ó se kedjenu lọ́la, oúnjẹ àwọn Baoulé, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ alábàágbé rẹ̀ ní Treichville, ní Abíjàn. Ìṣòro kan náà ni ìkòkò méjèèjì ń yanjú.

Bí a bá sì kọjá òkun ńlá, tí a dé àwọn erékùṣù Kàríbíánì, àwọn ará wa ni a ó tún bá nídìí ààrò níbẹ̀. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, ni wọ́n ń pè ní Lukumí ní Kúbà àti Nàgó ní Jàmáíkà, ìletò kan sì wà títí di òní ní ẹkùn Westmoreland ní Jàmáíkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abeokuta. Ní oko ìrèké, ẹran tó rọ̀ tí kò fẹ́ wàhálà, orí tábìlì olóko ni ó ń lọ. Ìrù, ẹsẹ̀, orí àti ìfun ni ó sábà máa ń kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹja àti ẹran oníyọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti inú àwọn ẹ̀yà ẹran tí ẹnikẹ́ni kò jà dù yìí ni àwọn ìyá Kàríbíánì ti ń se oúnjẹ tó di ohun ìṣògo ilẹ̀ wọn: ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ní Trínídáàdì, ìrù màlúù tí a fi ẹ̀wà sè ní Jàmáíkà, ọbẹ̀ orí àti ẹsẹ̀ òbúkọ tí wọ́n ń pè ní mannish water, ropa vieja ti Kúbà, àti pepperpot ti Gùyánà. Ẹran ewúrẹ́ oníkọrí tí àwọn ará Jàmáíkà fi ń ṣe àpèjẹ, àwọn ará Íńdíà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé síbẹ̀ ní 1845 láti ṣiṣẹ́ oko ni wọ́n mú kọrí rẹ̀ wá. Ata tó sì ń ta nínú ìkòkò wọn, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ata rodo tiwa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ kí ó tó gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa, tí a fi gbàgbé pé àlejò ni.

Àjèjì tó bá gbọ́ orúkọ Jàmáíkà, jerk ni yóò rántí, ẹran tí a yan lórí èéfín igi pimento. Ó dùn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹran yíyan, oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí ìyá ń sè nílé fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, nínú ìkòkò irin wíwúwo tí wọ́n ń pè ní dutchie ni ó máa ń wà, lórí iná tí kò kánjú, ibẹ̀ gan-an ni a ó sì ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹran jẹ́. Bí a bá mú ẹran itan màlúù tó ti jinná, tí a fi ọwọ́ fà á, ó máa ń ya sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn kọ orí sí ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún fọ́nrán ẹran kan, iṣẹ́ fọ́nrán yìí nígbà ayé ẹranko sì ni láti kúrú kí ó sì tún gùn, kí ẹranko lè gbé ẹsẹ̀, kí ó lè jẹko, kí ó lè sá. Ṣùgbọ́n bí ìgbálẹ̀ kò bá ní okùn, yóò tú ká ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹran ṣe ní ohun tó dì í. Awọ tín-ín-rín funfun tó máa ń tàn tí alápatà ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bó kúrò lára ẹran, okùn funfun líle tó so ẹran mọ́ egungun lórúnkún, àti àwọn àwọ̀n wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí tó we fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni gbogbo wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́lájìnì, tí èmi yóò sì máa pè ní ọ̀já ẹran nínú orí ìwé yìí. Láàárín àwọn fọ́nrán, àti nínú wọn, omi ni ó kún ibẹ̀: nínú ẹran tí kò lọ́ràá, omi tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹran tó bá ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà ayé ẹranko ni ọ̀já rẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí ohun tó ń fa ẹrù ni a ń dì le. Ìdí nìyí tí ẹran ẹ̀yìn, tí kò ṣe ju kí ó wà lókè lọ, fi ń tètè rọ̀, tí ẹran ẹsẹ̀, ti ọrùn àti ti ìrù fi ń gba sùúrù. Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀: bí ẹranko ti ń dàgbà sí i, àwọn okùn ọ̀já ara rẹ̀ ń so kókó mọ́ ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kókó tí ọdún ń mú le sí i, tó fi jẹ́ pé òbúkọ arúgbó àti ọmọ ewúrẹ́ lè ní ìwọ̀n ọ̀já kan náà, kí ti òbúkọ má sì fẹ́ gbọ́ ti iná rárá. Ẹni tó bá ti ra arúgbó adìyẹ tó ti yé ẹyin tán lọ́wọ́ àwọn alágírìkì, tó sì gbé e ka iná ní agogo mẹ́wàá pẹ̀lú ìrètí pé òun yóò jẹun ọ̀sán, kò nílò kí n ṣàlàyé jù. Ẹja kò ní irú wàhálà yìí: omi ló ń gbé e, ọ̀já tó ní kò pọ̀, èyí tó sì ní náà ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru tó kéré, ìdí tí a fi ń ju ẹja tútù sínú ọbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé ìkòkò ka iná. Ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì ni n ó máa fi ka ooru, èyí tí omi ti ń dì ní 0, tí ó sì ń hó ní 100. Láti bí ìwọ̀n 40 dé 50, nígbà tí omi ṣì ń gbóná bọ̀, àwọn purotéènì inú fọ́nrán, tí ẹ̀dá ti ká wọ́n létòlétò, bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò ní ìká wọn, wọ́n sì ń so mọ́ ara wọn ní ìdàrúdàpọ̀; ohun kan náà ni ó ń sọ funfun ẹyin di líle. Ìfófòó eléèérú tó ń léfòó, tí a máa ń fi ṣíbí bù dànù, purotéènì tó jò jáde ni, kì í ṣe ìdọ̀tí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Bí ooru bá ti ń kọjá 60, pupa ẹran yí padà sí àwọ̀ eérú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni pupa yẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti jáde lára ẹran láti ojú ìpakúpa. Èròjà kan tó ń tọ́jú afẹ́fẹ́ sínú ẹran ara ni, màlúù ní i púpọ̀, àyà adìyẹ kò ní i tó bẹ́ẹ̀.

Láti bí ìwọ̀n 60 dé 70 ni ohun tó ń dẹ́rù ba alásè àkọ́kọ́ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀já ẹran, tó ti wà jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, súnkì lójijì. Ẹ padà sí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ wa: ó dà bí ẹni pé okùn tí a fi dì í rin omi, tó gbẹ, tó sì fún gbogbo ẹyọ rẹ̀ pọ̀ gírígírí. Àwọn fọ́nrán kò rí ibi sá sí. Omi inú wọn ni ó ń tú jáde sínú ìkòkò. Èyí ni ìdí tí ẹran fi ń kéré, tí ó fi ń ká kò, tí ó fi ń yi. Kò ṣàjèjì kí ẹran tó jẹ́ kílò kan nígbà tí a rà á má ju bí gíráàmù 700 lọ nígbà tó bá jinná, ọ̀pọ̀ alápatà ni a sì ti fi ẹ̀sùn òṣùwọ̀n èké kàn nítorí omi tó wà nínú ìkòkò oníbàárà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹran rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà yìí, ó gbé e sọ̀ ní àkókò tó burú jù lọ: omi ti jáde, ọ̀já kò ì tú.

Ìgbà náà ni àkókò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná. Bí a bá lè fi ojú rí okùn ọ̀já kan ṣoṣo, a ó rí i pé ìran mẹ́ta ni a lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tó fi jẹ́ pé kò sí fífà tó lè já a bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú omi tí ooru rẹ̀ ti ju 70 lọ, tí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ara wọn, omi ń wọ àárín wọn, ó ń já wọn sí kúkúrú-kúkúrú, títí tí okùn líle náà yóò fi yọ́ wọ inú omi ọbẹ̀. Ohun tó dà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jẹ́látìnì. Àtè ẹran ni mo sọ ọ́, nítorí òun ni ó ń lẹ̀ mọ́ ni létè nígbà tí a bá jẹ bọ̀kọ̀tọ̀, òun náà sì ni àwọn káfíńtà àtijọ́ ń sè jáde láti inú awọ àti egungun láti fi lẹ igi. Ìtúká yìí kì í yára. Ní ìwọ̀n 70 ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 100, ẹran itan àgbà màlúù yóò gba bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ó ya òǹkàwé mi náà lẹ́nu. Àwọn fọ́nrán kò rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti le ní ìpele ìṣáájú, líle ni wọ́n wà, wọn kò sì gba omi tí wọ́n sọ nù padà. Okùn ìgbálẹ̀ ni ó tú. Àwọn ẹyọ rẹ̀ ń yà kúrò lára ara wọn, àtè tó yọ́ sì wọ àárín wọn, ó ń mú wọn yọ̀, eyín sì rò pé ẹran rọ̀. Bí a bá wá sè é kọjá ààlà, tí àtè ti jáde tán pátápátá, ẹran yóò di fọ́nrán gbígbẹ tó ń há ni léyín. Àwọn ará Kúbà mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró: ẹran ìhà ikùn màlúù ni wọ́n ń sè títí okùn rẹ̀ yóò fi tú, wọn a fi ọwọ́ ya á sí fọ́nrán, wọn a sì dá a padà sínú ọbẹ̀ tòmátì àti ata, kí omi ọbẹ̀ lè dípò èyí tí ẹran ti pàdánù. Ropa vieja tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná yẹ kí ó wọlé níhìn-ín, nítorí igi ti wọ́n, gáàsì sì wọ́n jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìkòkò bá ń hó gùdùgùdù tí ọmọrí ń jó lórí rẹ̀, ẹran yóò tètè dẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó bá ti ń hó, ìwọ̀n 100 ni ó wà, yálà ó ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tàbí ó ń hó bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde. Iná tí a bá fi kún un kò lè gbé ooru omi náà ga sí i, ohun tó lè ṣe ni kí ó sọ omi di ooru tó ń fò lọ sókè àjà. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó gba iná púpọ̀ ni: láti sọ omi tó ti ń hó di ooru tán ń gba agbára tó ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí a fi mú un láti títutù bí yìnyín dé híhó. Igi tí ìyá àgbà fà sẹ́yìn nínú ààrò kò dín ìsè ẹran náà kù rárá. Owó ni ó fi pamọ́, ó sì gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ gbígbẹ. Ẹni tó bá ń gbé orí òkè gíga tilẹ̀ ní ìdí láti ṣe sùúrù jù wá lọ: ní Jos, tó ga ju 1,200 mítà lọ sókè ìpele òkun, bí ìwọ̀n 96 ni omi ti ń hó, ẹran ibẹ̀ sì ń pẹ́ lórí iná ju ti Èjìgbò lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà mú kí omi gbóná kọjá 100, òun náà ni kí a há ooru rẹ̀ mọ́lé kí ó má rí ọ̀nà jáde. Ọmọ Faransé kan, Denis Papin, ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ó sì fi han àwọn onímọ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1679. Ohun tó fi ń polongo rẹ̀ ni pé ó lè mú egungun rọ̀. Préṣọ̀ kúkà tó wà ní ilé ìdáná wa lónìí, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni. Nínú rẹ̀, ooru omi ń dé bí ìwọ̀n 120, ìtúká ọ̀já ń yára lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun tó sì ń gba wákàtí mẹ́ta kò ní gbà ju bíi wákàtí kan lọ.

Kedjenu kì í ṣe préṣọ̀ kúkà, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń rò bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ń dé e pa. Adìyẹ ìbílẹ̀ tàbí ẹtù ni wọ́n máa ń gé sínú ìkòkò amọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì àti ata, láìbu omi sí i. Wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé e pinpin, wọn a gbé e ka ẹyin iná, wọn kì í sì í fi ìpọnbẹ̀ rò ó, ńṣe ni wọ́n ń gbé ìkòkò náà mì lóòrèkóòrè. Níbo wá ni omi tó ń sè é ti wá? Láti inú ẹran àti ẹ̀fọ́ náà ni. Nígbà tí ọ̀já súnkì, tó fún omi jáde, omi náà di ooru, ó kan ewé lókè, ó tutù díẹ̀, ó sì kán padà sórí ẹran. Agbára ooru rẹ̀ kò ju ti omi híhó lásán lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan tó ṣòfò, gbogbo àtè tó yọ́ sì wà nínú omi ọbẹ̀ kékeré tó ki dáadáa. Ní tèmi o, kò sí ọ̀nà tó dára jù ú lọ láti se adìyẹ tó ti dàgbà.

Àwọn ìyá wa tún ní ohun tí wọ́n fi ń ran àkókò lọ́wọ́. Ewé ìbẹ́pẹ ni olórí wọn, a sì ń lò ó níhìn-ín bí wọ́n ti ń lò ó ní Kàríbíánì, níbi tí igi ìbẹ́pẹ ti wà kí ó tó dé ilẹ̀ wa. Nínú oje funfun tó ń sun lára ewé àti èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni irú èròjà kan wà tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí mo fẹ́ kí a máa pè ní atúdè, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Atúdè ìbẹ́pẹ kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú òtútù. Láàárín ìwọ̀n 60 sí 70 ni ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, bí omi bá sì hó, ó kú. Ẹni tó bá ju ewé ìbẹ́pẹ sínú omi tó ti ń hó kò ṣe ju ẹni tó fi ewé ṣe ọ̀ṣọ́ lọ. Kí a fi í pa ẹran lára láti ìgbà tútù, kí a sì jẹ́ kí ìkòkò gbóná díẹ̀díẹ̀, kí atúdè lè rí àkókò ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí ooru tó pa á. Bí ó bá pọ̀ jù, ojú ẹran yóò di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì yi.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọn kì í fi ṣeré ní Jàmáíkà àti Trínídáàdì nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹran, ń mú òórùn kúrò, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ẹran jìnnà, bí a bá sì rẹ ẹran sínú rẹ̀ pẹ́ jù, ńṣe ni ojú rẹ̀ ń dì. Kán-ún ń ṣe òdìkejì kíkan: ó ń jẹ́ kí fọ́nrán di omi wọn mú, ó sì ń mú kí ọ̀já tètè tú, àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń ba fítámì B kan jẹ́, bí ó bá sì pọ̀, ọbẹ̀ a máa dùn bí ọṣẹ. Iyọ̀ tí àwọn kan ń sọ pé ó ń mú ẹran le, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ìrànlọ́wọ́ ni ó ń ṣe kí omi má bàa jáde tán.

Èyí tí n kò ní fi ẹnu rọ́ sẹ́yìn ni àṣà tó ti wọ ìdí ààrò àwọn olóúnjẹ kan, tí wọ́n ń sọ oògùn Paracetamol sínú ìkòkò kí ẹran tàbí pọ̀nmọ́ lè tètè rọ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn lórí rẹ̀. Oògùn yìí, bí a bá sè é, lè tú di èròjà mìíràn tó jẹ́ májèlé fún kíndìnrín, ẹni tó ń jẹun kò sì mọ iye tó wọ inú òun, bóyá ó tún lo tirẹ̀ nílé lálẹ́ nítorí orí fífọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Igi ìdáná wákàtí kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú èyí.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ pọ̀nmọ́, ẹ jẹ́ kí n yà bá a díẹ̀. Awọ ni, awọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀já látòkè délẹ̀, kò ní fọ́nrán. Àwọn tó ń sọ pé kò ní èròjà kankan nínú ṣe àsọdùn, nítorí purotéènì ni ọ̀já. Àwọn tó sì ń fi í dípò ẹran pátápátá ṣì í, nítorí ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, tí purotéènì ẹran àti ti ẹyin ní, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá fi jẹ ẹ́ yóò dí àlàfo náà.

Ọ̀nà tí a ń gbà dín ẹran ńkọ́? Àwa a máa bọ ẹran kí a tó dín in. Àwọn ará Trínídáàdì a máa dín in kí wọ́n tó sè é. Wọn a da ṣúgà sínú òróró gbígbóná, wọn a jẹ́ kí ó yọ́ kí ó sì dúdú díẹ̀, wọn a da ẹran tútù tí wọ́n ti fi èròjà pa lé e lórí, wọn a yí i títí tí yóò fi pọ́n, kí wọ́n tó bu omi sí i. Òórùn dídùn ẹran díndín, èyí tí ọmọ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ṣàlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1912, ń wá láti inú ìpàdé purotéènì àti ṣúgà nínú ooru tó ju ti omi híhó lọ dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ẹran bá ṣì tutù fún omi, kò lè kọjá 100, kò sì lè pọ́n. Láyé àtijọ́, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Justus von Liebig, kọ́ àwọn ènìyàn pé kí a kọ́kọ́ fi iná gbígbóná mú ojú ẹran, kí omi inú rẹ̀ má bàa jáde. Àwọn alásè ṣì ń tún un sọ, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti já a nírọ́, nítorí omi ẹran tí a dín ṣáájú ń jáde bí ti èyí tí a kò dín. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé adùn díndín ti Trínídáàdì ń yọ́ wọ inú omi ọbẹ̀, nígbà tí tiwa ń dúró lára ẹran àti nínú òróró tí a fi ń dín ata. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹran ju omi ọbẹ̀ lọ, kí ó bá tiwa lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi.

Bí bọ̀kọ̀tọ̀ bá sun mọ́jú lásìkò ọyẹ́, omi ọbẹ̀ rẹ̀ a máa dì, a sì máa gbọ̀n tìtì bí a bá mi ìkòkò. Àtè ẹran ni ó tún gbá ara wọn mú nínú òtútù; bí a bá gbé e ka iná, yóò yọ́ padà, ìwọ̀nba ọ̀já tó kù yóò sì máa tú lọ láti ibi tó dé lánàá. Ara ohun tó ń mú kí ọbẹ̀ àná dùn ju ti òní lọ nìyí. Ṣùgbọ́n omi ẹran tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tún jẹ́ oúnjẹ àtàtà fún àwọn kòkòrò àìfojúrí, àwọn kan sì wà nínú wọn tí ń ya èso líle tí omi híhó kò pa, tó ń dúró de ìgbà tí ìkòkò bá tutù sí ìwọ̀n tó bá wọn lára mu. Àárín ìwọ̀n 60 sí ìwọ̀n ojú ọjọ́ lásán ni ewu wà, ìkòkò ńlá tí a sè fún ìnáwó, tí a dé, tí a sì fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀, nítorí ẹrù púpọ̀ kì í tètè tutù. Kí a pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ kéékèèké, kí a sì gbé e sínú fíríìjì láàárín wákàtí méjì. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, àṣà ìyá wa tó ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará Gùyánà ṣe ń ṣe sí pepperpot wọn, èyí tí wọ́n fi oje gbágùúdá dúdú kan tí wọ́n ń pè ní cassareep sè, tí wọ́n sì ń mú hó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó hó ní tòótọ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí a sì rò ó kí àárín rẹ̀ lè gbóná bí ẹ̀gbẹ́, nítorí ọbẹ̀ tí a kàn fi iná bà lára, tí a sì tún gbé kalẹ̀, ìgbóná tí kòkòrò ń wá gan-an ni a fún un.